Poker fún Ẹni Tó Ti Mọ Whot Ta

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn ló ti mọ Whot ta kí wọ́n tó fọwọ́ kan káàdì mìíràn, ohun yìí gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ dí wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ poker. Nínú Whot, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣófo ló jẹ. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tó bá kan ènìyàn ló ń wá ohun tí yóò jù sílẹ̀, bí kò bá sì ní èyí tó bá ti ilẹ̀ mu, dandan ni kí ó lọ sí ọjà. Kò sí ẹni tí í jókòó wòran nínú Whot, àfi ẹni tí wọ́n bá fi káàdì 8 dá dúró. Poker yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa máa ń wòran ju bó ṣe ń ta lọ, nítorí pé iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni kí ènìyàn mọ ìgbà tí káàdì ọwọ́ òun kò tó ohun tí wọ́n ní kí òun san lé e lórí, kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ láìbínú. Bí mo bá ń kọ́ àlejò ní poker nílé wa ní Agbowó, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Káàdì tí à ń lò ni páálí káàdì tí ẹ lè rà ní Dùgbẹ̀ tàbí Ògùnpa, èyí tó ní ẹyọ 52 nínú lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ joker kúrò. Ìdílé mẹ́rin ni wọ́n pín sí: spade àti club tí wọ́n jẹ́ dúdú, heart àti diamond tí wọ́n jẹ́ pupa. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní káàdì 13, láti orí 2 títí dé 10, lẹ́yìn náà Jack, Queen, King, àti Ace tó ga ju gbogbo wọn lọ. Kò sí ìdílé tó ju ìdílé lọ nínú irú poker tí mò ń sọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó rí ẹni tí yóò búra pé spade ni olórí. Ẹ ka káàdì náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì yẹ ẹ̀yìn wọn wò. Òógùn ọwọ́ tètè máa ń ba káàdì oníbébà jẹ́, bí igun ẹyọ kan bá sì ti ṣẹ́, gbogbo ẹni tó yí tábìlì ká ni yóò dá a mọ̀ láti ẹ̀yìn, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó tọ́jọ́.

Oríṣiríṣi poker ló wà, ṣùgbọ́n Texas Hold'em ló gbilẹ̀ jù lónìí, òun ni wọ́n sì fi ń wá olúborí àgbà nínú ìdíje World Series of Poker tó bẹ̀rẹ̀ ní Las Vegas ní 1970. Òun nìkan ni kí ẹ kọ́ ná.

Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Ẹnì kan ni yóò jẹ́ apínkáàdì, ipò yìí yóò sì máa kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó sí ọwọ́ òsì rẹ̀ lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni tó rí káàdì rárá, ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì apínkáàdì yóò fi iye kékeré kan lélẹ̀ ní dandan, ẹni tó tẹ̀ lé e yóò sì fi ìlọ́po méjì rẹ̀ lélẹ̀. Blind ni wọ́n ń pe méjèèjì. Bí kò bá sí blind, kò ní sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi ta ohunkóhun, gbogbo wa ì bá kàn jókòó máa retí Ace méjì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lẹ́yìn èyí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba káàdì méjì tí òun nìkan yóò máa rí, ìyípo ìsanwó àkọ́kọ́ yóò sì wáyé. Wọn yóò wá ṣí káàdì mẹ́ta sí àárín tábìlì lójú gbogbo ènìyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní flop, ìyípo ìsanwó kejì yóò sì tẹ̀ lé e. Káàdì kẹrin ni turn, ó ní ìyípo tirẹ̀. Ìkarùn-ún ni river, ó ní tirẹ̀ náà. Bí ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ṣì kù lẹ́yìn gbogbo èyí, wọn yóò ṣí ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá lè ti inú káàdì méje, méjì tirẹ̀ àti márùn-ún tó wà nílẹ̀, to márùn-ún tó lágbára jù lọ ni yóò kó gbogbo ohun tí wọ́n ti fi sí àárín.

Nígbà tó bá kan yín, ohun tí ẹ lè ṣe kò pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fi nǹkan lélẹ̀ nínú ìyípo náà, ẹ lè ní check, ìyẹn ni pé ẹ kọjá láìsan kọ́bọ̀, tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín fi iye kan lélẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú yín, ẹ lè san iye kan náà, èyí ni call. Ẹ lè fi kún un, èyí ni raise. Tàbí kí ẹ jọ̀wọ́ káàdì yín, èyí ni fold. Fold kò ná yín ní ohunkóhun ju èyí tí ẹ ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Mo máa ń tún gbólóhùn yìí sọ nítorí pé ẹni tó ti Whot bọ̀ máa ń rò pé ìfàsẹ́yìn ni kí òun jọ̀wọ́ káàdì.

Ìtẹ̀léra agbára ọwọ́ ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ má wulẹ̀ há a sórí bí ẹni ń há tábìlì ìsọdipúpọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀: èyí tó bá ṣọ̀wọ́n jù ni ó lágbára jù. Bí a bá fa káàdì márùn-ún yọ nínú 52, oríṣi ọwọ́ 2,598,960 ni ó lè jáde. Nínú ìwọ̀nyí, 1,302,540, tó lé díẹ̀ ní ìdajì, ni kò ní ohunkóhun nínú, káàdì tó ga jù nínú wọn nìkan ni a ó fi wọ̀n wọ́n. Òmíràn tó jẹ́ 1,098,240 ní pair kan péré, ìyẹn káàdì méjì tí nọ́ńbà wọn jọra, bíi 9 méjì tàbí King méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró wo èyí dáadáa: bí a bá pa àwọn méjèèjì yìí pọ̀, ọwọ́ tó ṣẹ́ kù fún gbogbo ohun tó dára jù wọ́n lọ kò tó 8 nínú 100. Pair méjì jẹ́ 123,552. Ẹyọ mẹ́ta tí nọ́ńbà wọn jọra jẹ́ 54,912. Straight, ìyẹn nọ́ńbà márùn-ún tó tẹ̀ léra bíi 6, 7, 8, 9, 10 láìka ìdílé sí, jẹ́ 10,200. Flush, tí márùn-ún jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà láìtẹ̀léra, jẹ́ 5,108. Full house, ìyẹn mẹ́ta tó jọra pẹ̀lú pair, jẹ́ 3,744. Mẹ́rin tó jọra jẹ́ 624 péré, èyí tó sì wà lókè pátápátá ni straight tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìdílé kan, tí kò ju 40 lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí iye wọ̀nyí kò ní tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé straight ju flush lọ. Nínú Hold'em, méje ni a ti ń yan márùn-ún, nítorí náà pair kì í ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìtẹ̀léra náà kò yí padà.

Ohun méjì ló kù tó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ace lè bẹ̀rẹ̀ straight ṣáájú 2, ó sì lè parí rẹ̀ lẹ́yìn King, ṣùgbọ́n kò lè wà láàárín; King, Ace, 2 kì í ṣe ìtẹ̀léra. Bí pair ẹni méjì bá sì jọra, káàdì tó ga jù nínú ìyókù ni yóò yà wọ́n. Ẹni tó ní Ace àti King yóò jẹ ẹni tó ní Ace àti 6 nígbà tí Ace mìíràn bá wà nílẹ̀ tí kò sì sí ohun mìíràn tó ran ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí Ace pẹ̀lú káàdì kékeré fi jẹ́ ìdẹkùn fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́: ó ń dán lójú, kò sì tó bí ó ṣe ń dán.

Èwo wá ni kí ènìyàn ta nínú káàdì méjì àkọ́kọ́? Ọ̀nà 1,326 ni káàdì méjì lè gbà jáde. Ace méjì kì í bọ́ síni lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan nínú ìpín 221 lọ, pair èyíkéyìí sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 17. Bí a bá wà ní mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí tábìlì, ìmọ̀ràn tèmi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ó ta pair, kí ó ta Ace tó bá ti King, Queen tàbí Jack wá, kí ó ta King pẹ̀lú Queen, kí ó sì jọ̀wọ́ ohun gbogbo tó kù. Àwọn kan yóò ní ìmọ̀ràn yìí ti le jù. Bóyá ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo rí tí àgbàdo tó fi ń ta dípò owó tètè tán nítorí pé ó jọ̀wọ́ káàdì jù. Èyí tí ó sì máa ń tan ènìyàn jù ni káàdì méjì tí wọ́n jẹ́ ìdílé kan náà, bíi 9 àti 3 heart. Ẹni tó bá dì í mú nítorí flush kò ní rí flush náà lórí flop tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 100.

Ibi tí ènìyàn jókòó ṣe pàtàkì bí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn flop, ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì apínkáàdì ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, apínkáàdì ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti gbọ́ tẹnu gbogbo ènìyàn kí ó tó la ẹnu tirẹ̀. Káàdì tí ẹ ó ta láìṣiyèméjì ní ipò apínkáàdì lè jẹ́ èyí tí ẹ ó jọ̀wọ́ kíákíá bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Nílé wa, hóró àgbàdo gbígbẹ ni à ń lò dípò owó, ìdérí ìgò mínírà sì dúró fún hóró 10. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba 100, blind á jẹ́ 1 àti 2. A tún ní òfin kan tí ẹ kò ní rí nínú ìwé kankan: bí iná bá lọ, kí oníkálukú dojú káàdì rẹ̀ dé kí ó sì ká ọwọ́ kúrò lórí tábìlì títí ẹnì kan yóò fi tan fìtílà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìpín kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín àbúrò mi àti olùkọ́ fẹ̀yìntì kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tísà, nítorí pé gbogbo ohun tó ṣòro nínú poker ló wà nínú rẹ̀.

Èmi ni mo pín káàdì, ìyàwó àbúrò mi fi 1 lélẹ̀, àbúrò mi fi 2. Tísà ló kọ́kọ́ kàn, wọ́n sì gbé e sókè sí 6. Èmi jọ̀wọ́, ìyàwó àbúrò mi jọ̀wọ́, ṣùgbọ́n àbúrò mi tó ní Queen heart àti Jack heart fi 4 kún tirẹ̀. Hóró 13 ló wà láàárín nígbà náà. Flop jáde: Ace diamond, 8 heart, 3 heart. Àbúrò mi ní check. Tísà fi 12 sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí. Àbúrò mi ti ní heart mẹ́rin, ẹyọ kan ló kù kí ó di flush. Heart 13 ló wà nínú páálí, ó ti rí mẹ́rin, 9 ló kù. Káàdì márùn-ún ló ti rí lápapọ̀, 47 ni kò tíì rí, nítorí náà ìrètí rẹ̀ lórí káàdì tó kàn jẹ́ 9 nínú 47, ìyẹn nǹkan bí 19 nínú 100. Kí ni wọ́n ń bi í? Pé kí ó san 12 kí ó lè jẹ 25 tó wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá san án, àárín yóò di 37, 12 nínú 37 sì lé ní 32 nínú 100. Ohun tí wọ́n ń tà fún un ní iye 32 kò ju 19 lọ. Bí ó bá jẹ́ 4 ni Tísà fi sílẹ̀ ni, yóò san 4 nínú àárín tí yóò di 21, èyí tó jẹ́ 19 nínú 100 gẹ́lẹ́, kò sì sí ẹni tí ì bá dá a lẹ́bi. Káàdì kan náà, ìrètí kan náà, àmọ́ iye yàtọ̀. Òótọ́ ni pé bí a bá ka turn àti river pọ̀, ìrètí rẹ̀ tó 35 nínú 100, ṣùgbọ́n Tísà kì í ṣe ẹni tí yóò jẹ́ kí ó rí river lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbúrò mi san 12. Turn jáde, 5 club, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àárín ti di 37. Tísà fi 30 sílẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Àbúrò mi tún san án. River sì jáde, 10 heart! Àwọn méjèèjì ní check, wọ́n ṣí ọwọ́: Tísà ní Ace club àti King diamond, àbúrò mi ní flush, ó sì fi apá méjèèjì wọ́ hóró 97 sọ́dọ̀ ara rẹ̀ bí ẹni kó ẹrù ọjà.

"Tísà, ẹ ò rí i pé ó wọlé?"

"Mo rí i. Ẹ pín òmíràn."

Lójú tèmi, ìṣẹ́gun yìí ló burú jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, nítorí ó kọ́ ọ ní ohun tí kì í ṣe òtítọ́. Ẹ jẹ́ ká tún ìpinnu rẹ̀ lórí turn ṣe ní ìgbà 46, kí káàdì 46 tó kù jáde ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà 9, yóò jẹ 67 tó wà láàárín kí ó tó san 30 rẹ̀, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 603. Ní ìgbà 37, yóò pàdánù 30, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,110. Ó ti jẹ gbèsè hóró 507 nìyẹn, ìyẹn nǹkan bí 11 ní gbogbo ìgbà tó bá ṣe ohun tó ṣe. Tísà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ojú wọn kò fi yí padà. Kí alẹ́ náà tó pé, àbúrò mi ti sáré tẹ̀ lé heart mìíràn, àti spade, àgbàdo náà sì ti padà síbi tó ti wá.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé n kò tíì sọ̀rọ̀ nípa fífi òfo halẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní bluff, tó sì jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ó wà, ó sì níye lórí, ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tó lè jọ̀wọ́ káàdì rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kò sí ẹni tó fẹ́ jọ̀wọ́ ohunkóhun, ẹni tó bá sì ń halẹ̀ mọ́ wọn ń fi àgbàdo rẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ ni. Ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ óò fi rí ẹni tó ń jọ̀wọ́ pair kékeré.

Nípa owó, n kò ní purọ́ fún yín pé káàdì kì í ṣe tẹ́tẹ́ rárá. Oríire wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tó kún ojú títì ni pé ènìyàn bíi tiyín ni ẹ ń bá ta, kì í ṣe ilé. Síbẹ̀ ilé tó bá gbà yín láyè láti ta á máa ń yọ ìdá kékeré nínú ohun tó wà láàárín, nítorí náà kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n ju àwọn yòókù lọ díẹ̀ ló ń jèrè níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi Chris Moneymaker dá mi lóhùn, oníṣirò owó ará Tennessee tó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì san owó táṣẹ́rẹ́ wọ ìdíje àgbà World Series of Poker ní 2003, tó ṣẹ́gun láàárín ènìyàn 839, tó sì gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Òótọ́ ni ìtàn náà. Àwọn 838 yòókù náà wà nínú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó kó gbogbo ohun tó ní sílẹ̀, all in, torí òun ni mo rí tó ń bà eré jẹ́ jù láàárín àwọn tí kò mọ òfin rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n lè lé kúrò nínú ìpín nítorí pé àgbàdo rẹ̀ kò tó iye tí ẹlòmíràn fi lélẹ̀, ṣùgbọ́n kò sì lè jẹ ju iye tirẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá kó 20 tó ní sílẹ̀, tí àwọn méjì yòókù sì fi 60 lélẹ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ 20 nínú ti oníkálukú, ẹ kó 60 náà jọ sí ojú kan. Èyí ni gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń du. Hóró 80 tó ṣẹ́ kù, ẹ yà á sọ́tọ̀, àwọn méjì tó dá a nìkan ló ni ín. Bí ẹni tó ní 20 bá ní ọwọ́ tó lágbára jù, yóò kó 60, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára jù nínú àwọn méjì yòókù yóò sì kó 80, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló ṣe ipò kìíní. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kí káàdì tó kàn tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí ọwọ́.